Páìpù Ìdọ̀tí Àjọlò ní Ẹ́sítéètì Ilé Iṣẹ́ ní Ìlú Ọba: Ohun Tí Káńsù Lè Ṣe àti Ohun Tó Di Dandan fún Un

Omi ẹ̀gbin ń ru jáde láti inú máńhóòlù láàárín ọgbà. Òórùn ti gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan, oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ń tún ṣe sì ń gba inú omi náà kọjá. Wọ́n pe káńsù, káńsù ní páìpù yẹn kì í ṣe tàwọn. Wọ́n pe ilé iṣẹ́ omi, wọ́n ní ti aládàáni ni. Wọ́n pe lańlọ́ọ̀dù, lańlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n padà lọ pe káńsù.

Àwa Yorùbá pọ̀ nínú àwọn ọgbà ilé iṣẹ́ báyìí ju bí a ṣe ń rò lọ. Ilé ìjọsìn ni tàwọn kan, pàápàá ní Old Kent Road àti àyíká Peckham. Àwọn mìíràn ń ṣe búrẹ́dì Agége, wọ́n ń se oúnjẹ òde àríyá, wọ́n ń tún mọ́tò ṣe, tàbí wọ́n ń di ẹrù sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Owó ilé ibẹ̀ máa ń rọjú ju ti ṣọ́ọ̀bù ojú títì lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà béèrè lọ́jọ́ tó ń gba kọ́kọ́rọ́ ni ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde.

Kókó ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn: káńsù kọ́ ló sábà máa ń ni páìpù, àmọ́ káńsù ló ni ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní kí káńsù wá bá òun tún páìpù ṣe máa pẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó bá ní kí káńsù fi òfin báyìí-báyìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ni páìpù náà, ìyẹn ló máa rí ẹni dá a lóhùn. Òfin England àti Wales ni mo ń tọ́ka sí látòkèdélẹ̀. Scotland àti Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀.

Ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń sáré pe káńsù

Nígbà kan rí, ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni páìpù ìdọ̀tí ìlú wà lóòótọ́. Òfin Water Act 1973 ló gbà á lọ́wọ́ wọn: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1974, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjọ omi ẹkùn mẹ́wàá. Ní 1989, ìjọba tà wọ́n, wọ́n sì di ilé iṣẹ́ aládàáni bíi Thames Water àti Severn Trent. Ọ̀pọ̀ káńsù ṣì ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, nítorí náà ọkọ̀ káńsù làwọn aráàlú ṣì ń rí. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ti pẹ́ ní ìlú nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì ń sọ fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irú páìpù wo ni?

Má tíì pe ẹnikẹ́ni kó o tó dáhùn ìbéèrè yìí, àfi tí omi ẹ̀gbin bá ti ń wọ inú ilé. Tó bá ti ń wọlé, pe ilé iṣẹ́ omi lójú ẹsẹ̀, kó o máa wádìí lọ bí o ti ń dúró dè wọ́n.

Water Industry Act 1991, ní apá 219, ló ṣe ìyàtọ̀ tí gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Páìpù tó ń gbé ìdọ̀tí ilé kan ṣoṣo, tàbí ti àwọn ilé tó wà nínú ọgbà kan náà, "drain" ni òfin ń pè é. Èyí tó ń gbé ti ilé púpọ̀ tí kì í ṣe ọgbà kan náà ni "sewer". Wò ó bí agboolé: ilé inú rẹ̀ ìbáà tó ogún, tó bá jẹ́ agboolé kan ṣoṣo, páìpù inú rẹ̀ ti agboolé ni, kì í ṣe ti ìlú.

Ibẹ̀ ni ẹ́sítéètì ilé iṣẹ́ ti ń kó èèyàn lójú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù àjọlò aládàáni, ó gbé wọn fún àwọn ilé iṣẹ́ omi lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá ti so mọ́ páìpù ìlú ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún yẹn ló kàn. Ọ̀pọ̀ onílé ni ẹrù náà bọ́ kúrò lórí wọn. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò sí lára rẹ̀:

- páìpù tó wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, bí ilé inú rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀;
- páìpù omi òjò tó ń lọ tààrà sínú odò tàbí sínú sọ́kàwéè, tí kò kan páìpù ìlú;
- páìpù tó ń lọ sínú táńkì ìdọ̀tí;
- páìpù tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ rélùwéè;
- páìpù tí wọ́n rì lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù keje 2011, àfi tí ẹni tó kọ́lé bá bá ilé iṣẹ́ omi ṣe àdéhùn lábẹ́ apá 104 òfin 1991 yẹn pé kí wọ́n gba páìpù náà.

Nínú gbogbo wọn, èyí àkọ́kọ́ ló ń bá àwọn èèyàn wa jà jù. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ẹ́sítéètì, tó ń yá yàrá kọ̀ọ̀kan fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí ọgbà kan, kí páìpù abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti lańlọ́ọ̀dù títí dé ẹnubodè. Bí wọ́n bá ti gé ẹ́sítéètì náà tà fún onílé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú ní ìwé ilẹ̀ tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí páìpù àjọlò náà ti di ti ilé iṣẹ́ omi láti 2011. Kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń wò, bí ilé àti ilẹ̀ náà ṣe so pọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó náà wà níbẹ̀, torí náà ẹ má fi àlàyé mi yìí pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó tó fún mímọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ pè.

Ó tún ku gọ́tà ojú títì. Ihò tí omi òjò ń gbà wọlẹ̀ létí ọ̀nà jẹ́ ti àjọ tó ń tọ́jú ọ̀nà náà, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ìjọba ni. Ní London, káńsù ni fún ọ̀pọ̀ títì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà ńlá bíi Old Kent Road jẹ́ ti Transport for London. Ọ̀nà inú ẹ́sítéètì kì í sábà jẹ́ ti ìjọba rárá. Káńsù tó ń tọ́jú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀nà tó ń fi owó ìlú tún ṣe, Highways Act 1980 apá 36 ló pa á láṣẹ, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí orúkọ ọ̀nà yín kò bá sí níbẹ̀, gọ́tà rẹ̀ ti ẹni tó ni ilẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ìwé jọ

Ìwé mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni ìwé ilẹ̀ láti HM Land Registry, £7 ni wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìparí 2024. Yóò sọ ẹni tó ni ẹ́sítéètì náà gan-an fún yín, torí ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ yín lè jẹ́ aṣojú lásán. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: nígbà mìíràn káńsù fúnra rẹ̀ ló ni ilẹ̀, ìyẹn sì yí gbogbo nǹkan padà. Mo máa dé ibẹ̀.

Èkejì ni àwòrán páìpù ìlú. Ilé iṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ ní in lábẹ́ apá 199 òfin 1991. Káńsù náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ nílẹ̀ fún aráàlú láti wò láìgba kọ́bọ̀, apá 200 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ orí fóònù lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ dárúkọ apá náà fún wọn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ páìpù tó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi ní 2011 kò sí lórí àwòrán títí di òní. Tí ẹ bá rí páìpù yín lórí rẹ̀, ẹ̀rí ni. Tí ẹ kò bá rí i, ìyẹn kò fi hàn pé kì í ṣe tiwọn, bí òṣìṣẹ́ kan tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kẹta ni líìsì yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa "conducting media" tàbí "service media": páìpù, wáyà àti gọ́tà ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè. Ta ni wọ́n ní kó tún un ṣe? Ta ni wọ́n ní kó san owó rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé lańlọ́ọ̀dù ló ń ṣe iṣẹ́, ẹ̀yin ayálégbé ló ń pín owó rẹ̀ san nínú service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ọgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ibi tí ó ti dí

Ẹ má sọ̀kalẹ̀ sínú máńhóòlù. Afẹ́fẹ́ hydrogen sulphide tó wà nínú rẹ̀ máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá pọ̀ sí i imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ikú ti ń wọlé. Ọmọ iṣẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ láti mú nǹkan, tí ẹnì kejì sọ̀kalẹ̀ láti gbà á là, tí àwọn méjèèjì kò jáde: irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ló mú kí òfin Confined Spaces Regulations 1997 le tó bẹ́ẹ̀. Láti òkè ni kí ẹ ti wò ó.

Ṣíṣí ìdérí kò tóbi ju kí èèyàn ní irin tó yẹ àti ìbọ̀wọ́. Bí máńhóòlù tó sún mọ́ ẹnubodè bá gbẹ, tí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì kún, ìdíwọ́ wà láàárín àwọn méjèèjì, nínú ọgbà. Bí èyí tó wà lójú títì lóde bá kún, ti ilé iṣẹ́ omi ni, ẹ kò nílò àríyànjiyàn kankan mọ́. Láti mọ ilé tí ìdọ̀tí ti ń wá, ẹ da àró sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tó jáde nínú máńhóòlù. Àró tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan olówó ńlá.

Ẹ wo àwọ̀ ìdérí pẹ̀lú. Lórí ẹ́sítéètì tó létò, wọ́n máa ń kun ti omi ẹ̀gbin ní pupa, ti omi òjò ní búlúù. Bí ìgbẹ́ bá jáde nínú èyí tó ní búlúù, ẹnì kan ti so páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa lọ sínú odò. Ní England, ọ̀ràn Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, nìyẹn: 0800 80 70 60, tọ̀sán-tòru.

Bí owó bá wà, ẹ pe àwọn oníkámẹ́rà kí wọ́n ti í sínú páìpù, kí ẹ sì gba fídíò àti àwòrán lọ́wọ́ wọn. Mo gbà pé owó tó tọ́ láti ná jù lórí gbogbo ọ̀ràn yìí ni. Ariwo ayálégbé rọrùn láti kọ etí ikún sí. Fídíò tó fi gbòǹgbò igi hàn nínú páìpù lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lańlọ́ọ̀dù kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pe ẹni tó yẹ

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2017, ilé iṣẹ́, ilé ìjọsìn àti àwọn àjọ ní England lè yan ẹni tó ń fi bíìlì omi ránṣẹ́ sí wọn. Nítorí náà orúkọ tó wà lórí bíìlì yín lè máà jẹ́ ti ẹni tó ni páìpù. Ẹni tó ń ṣe bíìlì kò ní ọkọ̀, kò ní òṣìṣẹ́ nínú ihò. Tó bá jẹ́ páìpù ìlú ló dí, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ilé iṣẹ́ omi ẹkùn yín ni kí ẹ pè, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìtọ́ka ìpè náà. Apá 94 òfin 1991 ló ní kí wọ́n máa tọ́jú páìpù ìlú, kí wọ́n sì máa gbá a mọ́.

Tó bá jẹ́ ti lańlọ́ọ̀dù, ẹ kọ̀wé sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lórí WhatsApp nìkan. Ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, ẹ tọ́ka sí ìlà inú líìsì, ẹ fún un ní ọjọ́. Wákàtí 48 bá òfin mu fún ìdíwọ́, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé e lọ bá wolé-wolé

Ibí ni káńsù ti wọlé. Ẹ̀ka Environmental Health ni ẹ ń wá, àwọn wolé-wolé ayé òde òní. Ohun mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wọn, agbára wọn kò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni Local Government (Miscellaneous Provisions) Act 1976, apá 35. Bí páìpù àjọlò aládàáni bá dí, káńsù lè fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo onílé àti ayálégbé tó ń lò ó, tàbí sí àwọn tó bá wù ú nínú wọn, pé kí wọ́n yọ ìdíwọ́ náà kúrò láàárín àkókò tí kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 48. Bí wọ́n bá kọ̀, káńsù á ṣe é, á sì gba owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń pín owó náà, wọ́n lè wo ibi tí ìdíwọ́ wà, ohun tó fà á, àti àdéhùn tó wà láàárín àwọn tó ń lò ó. Ẹni tí ìpín náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí county court.

Èkejì ni Public Health Act 1961, apá 17. Èyí náà ní wákàtí 48 fún páìpù tó dí, ó sì kan drain ilé kan ṣoṣo pẹ̀lú, torí náà òun ni ẹ ó tọ́ka sí bí wọ́n bá ní ọgbà kan náà ni. Ó tún gba káńsù láyè láti tún páìpù tó bàjẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje, bí iṣẹ́ náà kò bá ju £250 lọ. Lóde òní, £250 kò lè hú ilẹ̀ kọnkéré jìnnà, torí náà apá wákàtí 48 ló wúlò.

Ẹ̀kẹta ni Building Act 1984, apá 59, fún páìpù tó ti fọ́, tó ti rì, tàbí tí kò tó. Ìwé yìí ń bá onílé tàbí ẹni tó ń lo ilé náà wí, ó sì lè ní kó ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó ní ọjọ́ 21 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kóòtù Májísíréètì. Bí kò bá ṣe é, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e, pẹ̀lú £2 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, £2 náà ló wà nínú òfin. Ìbọn gidi wà lẹ́yìn rẹ̀: káńsù lè ṣe iṣẹ́ náà, kí owó rẹ̀ di gbèsè tó lẹ̀ mọ́ ilé náà lábẹ́ apá 107, pẹ̀lú èlé. Lańlọ́ọ̀dù tó fẹ́ tà tàbí tó fẹ́ fi ilé yáwó ní báǹkì kì í fẹ́ràn irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Apá 59 sọ pé káńsù "gbọ́dọ̀" fi ìwé náà ránṣẹ́ bó bá ti gbà pé àbùkù wà, àmọ́ fún méjì àkọ́kọ́, "lè" ni òfin sọ. Káńsù lè ṣe é, káńsù lè máà ṣe é. Òṣìṣẹ́ kò tó, owó kò tó, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ́sítéètì ilé iṣẹ́ kì í sábà ní olùdìbò nínú.

Ẹ̀kẹrin ni Environmental Protection Act 1990, apá 79 àti 80. Níbí náà, dandan ni. Káńsù gbọ́dọ̀ máa yẹ agbègbè rẹ̀ wò fún ohun tí òfin ń pè ní statutory nuisance: ilé tó wà ní ipò tó lè ṣèpalára fún ìlera, òórùn tó ń jáde láti ilé iṣẹ́, ìdọ̀tí tó kó jọ. Bí wolé-wolé bá gbà pé ó wà, òfin ní ó gbọ́dọ̀ fi abatement notice, ìwé àṣẹ pé kí ìnira náà dópin, ránṣẹ́ sí ẹni tó fà á, tàbí sí onílé bó bá jẹ́ pé ilé náà ló ní àbùkù. Ẹni tó gbà á ní ọjọ́ 21 láti lọ sí kóòtù. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u lè san ìtanràn tí kò ní gbèdéke. £20,000 ni òpin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n mú òpin náà kúrò ní oṣù kẹta 2015. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni ìnira náà ti wá, ìbáà jẹ́ òórùn tàbí ẹ̀gbin, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè sọ ní kóòtù pé òun ti sa gbogbo ipá tó ṣeé sà. 

Pàkúté kan wà nínú apá 79 tí ọ̀pọ̀ kò rí. Ẹ̀sùn tí káńsù gbọ́dọ̀ tọpinpin ni èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé ní agbègbè rẹ̀ wá. Pásítọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní Southwark, tó ń sùn ní Dagenham, kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn! Ojúṣe àyẹ̀wò gbogbogbòò ṣì wà lọ́rùn káńsù, wọ́n sì lè gba ẹ̀sùn ẹnikẹ́ni, àmọ́ kí ló dé tí a ó fi fún wọn ní àwáwí? Ẹ wá ọmọ ìjọ kan, òṣìṣẹ́ kan, tàbí aládùúgbò tó ń gbé ní agbègbè káńsù náà, kó fọwọ́ sí ẹ̀sùn náà pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́: ẹ fi àwòrán tó fi hàn pé kì í ṣe páìpù ìlú síwájú, tàbí ìdáhùn tí ilé iṣẹ́ omi kọ pé kì í ṣe tiwọn. Láìsí èyí, ohun àkọ́kọ́ tí wolé-wolé máa ṣe ni kó dá yín padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àti àdírẹ́sì onílé láti Land Registry, àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ̀gbin jáde, fọ́tò tó ní déètì, àwọn tí ó kan, pàápàá ọmọdé àti oúnjẹ, àti lẹ́tà tí ẹ ti kọ sí lańlọ́ọ̀dù. Kí ẹ wá béèrè ní gbólóhùn kan bóyá wọ́n máa lo apá 35, apá 17, apá 59 tàbí apá 80, àti bí wọn kò bá ní lò ó, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kọ ìdí sílẹ̀ máa ń ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé wolé-wolé kì í wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ibi iṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ wákàtí 24 tí òfin Public Health Act 1936 fún àwọn ilé yòókù kí wọ́n tó wọlé. Bí ẹ bá ń se oúnjẹ tà, tí ẹ̀gbin sì ti wọ kíṣìnnì, wọ́n lè ti ilé oúnjẹ yín pa lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúnra yín kí wọ́n tó dé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ dá a dúró.

Bí káńsù bá ni lańlọ́ọ̀dù

Ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì kéékèèké jẹ́ ti káńsù. Níbẹ̀, fìlà méjì ló wà lórí rẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀ ni ẹ ó kọ̀wé sí gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, líìsì ni òfin yín. Wolé-wolé kò lè fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí káńsù tirẹ̀, nítorí náà ọ̀nà apá 80 ti dí. Ọ̀nà tó kù ni apá 82: ẹni tí ìnira náà kàn lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù Májísíréètì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fún káńsù ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 21, ó kéré tán. Kò pọn dandan láti gba lọ́yà, àmọ́ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ki. Ìwé ìkìlọ̀ náà nìkan máa ń jí ẹ̀ka òfin káńsù lójú oorun.

Ta ló máa sanwó?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, owó ni. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni pé ààbò tí òfin Landlord and Tenant Act 1985 fún ayálégbé ilé gbígbé lórí service charge kò dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́. Ohun tí ẹ fọwọ́ sí nínú líìsì ni ẹ ó san, àfi tí líìsì fúnra rẹ̀ bá ní owó náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ béèrè fún ìwé owó tí wọ́n ná, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gba owó lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, torí inṣọ́ránsì ilé máa ń bo páìpù tó ṣèèṣì fọ́.

Ká sì sọ òótọ́ láàárín ara wa. Níbi tí kíṣìnnì bá pọ̀, òróró ló sábà máa ń dí páìpù. Epo tí wọ́n fi dín àkàrà àti dòdò fún àríyá igba èèyàn, tí wọ́n dà sínú síńkì pẹ̀lú omi gbígbóná, á dì nígbà tó bá dé ibi tó tutù lábẹ́ ilẹ̀, á sì mú ìnujú àti páńpásì mọ́ra. Apá 111 òfin 1991 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti da ohun tó lè dí páìpù ìlú sínú rẹ̀, títí kan drain tó já sínú rẹ̀. Ìlànà ìkọ́lé Approved Document H ní kí kíṣìnnì tó ń se oúnjẹ gbígbóná tà ní àpótí tó ń gba òróró sílẹ̀. Ẹni tó ń fọ mọ́tò tàbí tó ń tú omi iṣẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi lábẹ́ apá 118, kó sì béèrè fún un, ó kéré tán, oṣù méjì ṣáájú. Kó tó di pé ẹ fẹjọ́ aládùúgbò sùn, ẹ wo àpótí tiyín, nítorí káńsù tó bá ń pín owó ní apá 35 máa béèrè ohun tó fà á.

Bí wọn kò bá dá yín lóhùn

Ẹ fi ẹ̀hónú hàn nínú ètò ẹ̀sùn káńsù fúnra rẹ̀, títí dé ìpele tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, Local Government and Social Care Ombudsman, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí káńsù ní England, máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 12 tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ní Wales, Ombudsman tiwọn wà. Kò lè ní kí káńsù lo agbára tí òfin ní kó yàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè rí àléébù nínú káńsù tí kò wádìí ohunkóhun tàbí tí kò fún yín ní ìdí. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ omi ló ń fa ẹsẹ̀, Consumer Council for Water ni ẹ ó lọ bá.

Fún ẹni tí kò tíì gba kọ́kọ́rọ́

Gbogbo wàhálà òkè yìí rọrùn jù láti yẹra fún kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà gba àyẹ̀wò omi àti páìpù tí wọ́n ń pè ní CommercialDW: yóò sọ bóyá ilé náà so mọ́ páìpù ìlú àti bóyá páìpù ìlú wà nínú ọgbà. Ẹ béèrè ẹni tó ni ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí sókè, bí ọ̀kan bá wà. Àwọn tó jẹ́ ara páìpù tó kàn ní 2011 bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2016, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ọgbà kan ṣoṣo ṣì wà lọ́rùn lańlọ́ọ̀dù, iye tí wọ́n fi ń tún un ṣe sì lè kọjá owó ilé oṣù mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ afárá rélùwéè ni ẹ fẹ́ yá, bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ṣe ń ṣe ní London, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ wá ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo páìpù ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, kí wọ́n so fídíò náà mọ́ líìsì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ipò tí wọ́n ti gbé e lé yín lọ́wọ́.